Lẹ́túùsì Inú Rọ́bà ní Àkúrẹ́: Inú Kí Lẹ Ó Gbìn ín Sí, Kí Lẹ Ó sì Fi Bọ́ Ọ?

Ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́, tí àgbàlá rẹ̀ jẹ́ kìkì kọnkéré bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjàpọ̀ àti Alágbàká, inú rọ́bà, àpò tàbí kẹ́ẹ̀gì nìkan ló ti lè rí lẹ́túùsì gbìn. Ìbéèrè méjì ló máa ń gbé dé ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ajílẹ̀: kí ni kí n gbìn ín sí, kí sì ni kí n fi bọ́ ọ? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dáhùn wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á wá ohun ìgbìn tó dínwó jù, wọ́n á sì ra ajílẹ̀ tí ẹnì kan sọ pé ó lágbára. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni méjèèjì. Bí àyè gbòǹgbò ṣe tó ló ń sọ irú náítírójìn (èròjà inú ajílẹ̀ tó ń mú ewé dàgbà) tó yẹ, iye tó yẹ, àti bó ṣe yẹ ká máa fún un sí. Ẹ kọ́kọ́ yan àyè, kí ẹ tó yan ajílẹ̀.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni iye lítà ilẹ̀ tí gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan ní, àti bí ó ṣe jìn tó. Ìkejì ni omi: ṣé ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó, àbí ó di àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́? Ìkẹta ni owó, mi ò sì fi iye owó àpò wọ̀n ọ́n rárá, iye náítírójìn tó wà nínú àpò ni mo wò. Ìkẹrin ni bí nǹkan náà ṣe ń fara da àṣìṣe: bí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀, tàbí bí òjò bá rọ̀ lójijì, ṣé ewéko á yè é? Ìkarùn-ún ni ìlera ẹni tó máa jẹ ẹ́. A kì í se lẹ́túùsì. Bó ṣe kúrò nínú rọ́bà náà la ó fi omi ṣàn án, tí a ó sì gbé e sẹ́nu. Mi ò fojú kékeré wo ìkarùn-ún yìí rárá.

Iye tí lẹ́túùsì kan ń jẹ ní tòótọ́

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan, nítorí òun ló máa tú gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù. Ẹ mú lẹ́túùsì kan tó wọ̀n tó gíráàmù 250 nígbà tí ẹ gé e. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá sá a gbẹ pátápátá, ohun tó máa kù kò ju nǹkan bíi gíráàmù 12 lọ. Náítírójìn tó wà nínú gíráàmù 12 yẹn tó nǹkan bí ìdajì gíráàmù. Òun náà nìyẹn. Oúnjẹ tí lẹ́túùsì kan ń wá láti ọjọ́ tí ẹ lọ́ ọ títí di ọjọ́ tí ẹ máa jẹ ẹ́ kò ju ìdajì gíráàmù náítírójìn lọ.

Ẹ wá wo yúríà, ọ̀kan lára ajílẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìpín 46 nínú 100 rẹ̀ ni náítírójìn. Ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú máa ń gbà tó gíráàmù mẹ́rin, èyí tó túmọ̀ sí náítírójìn tó lé ní gíráàmù kan ààbọ̀. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí lẹ́túùsì náà máa jẹ ní gbogbo ayé rẹ̀ lọ! Síbẹ̀ a máa ń rí ẹni tó da ṣíbí kan sínú rọ́bà kékeré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó tún dá a padà ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé ewé ti ń pọ́n. Ewé tó pọ́n yẹn, ebi kọ́ ló fà á mọ́. Ajílẹ̀ tó pọ̀ jù nínú omi ilẹ̀ ti di iyọ̀, iyọ̀ náà kò jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà, lẹ́túùsì sì wà lára àwọn ẹ̀fọ́ tí kò lè fara da iyọ̀ púpọ̀.

Nínú ilẹ̀ gbangba, gbòǹgbò lè sá fún ibi tí ajílẹ̀ ti pọ̀ jù. Nínú rọ́bà, kò síbi tó fẹ́ sá lọ. Tí gbòǹgbò bá sì ti kan ògiri rọ́bà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, ewé òkè náà máa ń dín ìdàgbà rẹ̀ kù, kódà bí omi àti ajílẹ̀ bá wà lọ́pọ̀ yanturu. Ó dà bí èèyàn mẹ́wàá tó ń sùn nínú yàrá kan: bí ẹ bá se ìlọ́po méjì oúnjẹ fún wọn, yàrá náà kò ní torí ẹ̀ fẹ̀ sí i.

Bí náítírójìn bá ṣọ̀wọ́n, ewéko máa ń gbé agbára rẹ̀ lọ sí gbòǹgbò kó lè wá oúnjẹ kiri. Bí ó bá pọ̀, ewé ló máa ń gbé e lọ. Nítorí náà, nínú ohun ìgbìn kékeré, ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ebi pa á débi tí gbòǹgbò á fi kún inú rẹ̀ lásán, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ da oúnjẹ bò ó. Díẹ̀díẹ̀, ní ìgbà gbogbo, ni àyè kékeré ń fẹ́.

Àwọn ohun ìgbìn

*Náílọ́ọ̀nù.* Èyí tí wọ́n fi ń ta omi kò gbà ju ìdajì lítà lọ. Náílọ́ọ̀nù dúdú tí àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ń tọ́ ọmọ kòkó dára jù ú lọ, àmọ́ kì í sábà ju lítà méjì lọ. Owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn. Àǹfààní rẹ̀ parí síbẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ ọmọ ewéko tí ẹ máa lọ́ síbòmíràn ni ẹ fẹ́ tọ́, tàbí ewé kéékèèké tí ẹ máa gé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà ọyẹ́ ó lè gbẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ẹ ṣe ń bomi rin ín nígbà gbogbo yẹn, omi náà ń kó náítírójìn jáde láti ìsàlẹ̀. Àwọ̀ dúdú rẹ̀ tún ń fa oòrùn, ilẹ̀ inú rẹ̀ á gbóná, bẹ́ẹ̀ lẹ́túùsì jẹ́ ewéko ibi tútù tó fẹ́ràn ìwọ̀n ooru 15 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀ ti gbóná jù fún un ní ọ̀sán. Kò yẹ ká tún fi náílọ́ọ̀nù dúdú kún un.

*Rọ́bà pẹ́ńtì lítà 4.* Èyí tí wọ́n fi ń wọn gàrí ní Ọjà Ọba náà ni. Èmi ò mọ ohun ìgbìn tó bá lẹ́túùsì kan ṣoṣo mu tó èyí. Ó jìn tó, funfun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, a sì lè gbé e kúrò nínú oòrùn ọ̀sán lọ sábẹ́ òrùlé. Ẹ lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ nítorí kí omi lè jò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: nínú ohun ìgbìn yòówù, lẹ́yìn tí omi bá ti jò tán, ìpele ilẹ̀ kan máa ń wà nísàlẹ̀ tó ṣì rin gbindin. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ irú kan náà, ìpele yẹn kì í yàtọ̀ nínú èyí tó ga àti èyí tó pẹlẹbẹ. Bàsíà pẹlẹbẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì ẹrọ̀fọ̀, nígbà tí rọ́bà tó ga á ṣì ní ibi tí gbòǹgbò ti lè mí. Òkúta tí ẹ bá dà sí ìsàlẹ̀ kàn ń gbé ẹrọ̀fọ̀ yẹn sún mọ́ gbòǹgbò ni. Nínú ẹrọ̀fọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò sí, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tún máa ń sọ náítírójìn di afẹ́fẹ́, a ó sì pàdánù rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kó jìn tó 20 pàápàá bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ tó máa ronú nípa bó ṣe fẹ̀ tó.

Àbùkù rẹ̀ ni pé lẹ́túùsì kan ló gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ogún ní láti wá ogún rọ́bà.

*Kẹ́ẹ̀gì lítà 25.* Ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè kúrò, ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀. Ó máa gba nǹkan bíi lítà 20 ilẹ̀, ó sì máa gba lẹ́túùsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Gbòǹgbò wọn á jọ pín àyè, èyí tó bá yára dàgbà á sì rí ibi nà sí. Omi ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ sábà máa ń tó o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wádìí ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà tẹ́lẹ̀. Ti òróró dára. Ti oògùn apako kò dára, bó ti wù kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó, nítorí tútù la ń jẹ lẹ́túùsì.

*Àpò ìrẹsì.* Ẹ ká ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kún un dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, á gba nǹkan bíi lítà 40. Lẹ́túùsì mẹ́fà lè wà lórí rẹ̀. Òun ló ń dárí ji ni jù: ẹ lè gbàgbé omi ní ọjọ́ kan, ọwọ́ lè wúwo díẹ̀ nídìí ajílẹ̀, ilẹ̀ tó pọ̀ yẹn á gbé e. Àmọ́ ibi tí ẹ bá gbé e sí ló máa wà, nítorí kò sẹ́ni tó máa gbé e bó bá ti rin. Oòrùn náà á sì jẹ àpò náà já nígbà tó bá yá.

Orísun náítírójìn

*Ìgbẹ́ adìyẹ.* Ó pọ̀ ní agbègbè wa, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin adìyẹ ní Ọ̀bá-Ilé àti Ìlárá sì ń wá ẹni tó máa kó o kúrò fún wọn. Ó ní náítírójìn ju ìgbẹ́ màlúù lọ, ó sì ní àwọn èròjà yòókù. Ìṣòro rẹ̀ méjì ni. Bí ó bá ṣì tutù, ooru inú rẹ̀ àti amóníà, afẹ́fẹ́ olóòórùn líle tó ní náítírójìn nínú, á jó gbòǹgbò. Èyí tó burú jù ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn inú, bíi salmonella, tó lè wà nínú rẹ̀. Òfin oko tí kì í lo kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà sọ pé ọjọ́ 120 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí wọ́n da ìgbẹ́ tútù sílẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n máa kórè ohun tó ń fara kan ilẹ̀. Lẹ́túùsì kì í lò ju oṣù méjì lọ nínú rọ́bà. Kò sí bí ìṣirò yẹn ṣe lè bára mu. Nítorí náà, ìgbẹ́ tútù kò ní ipò kankan nínú rọ́bà lẹ́túùsì, ẹ má sì rẹ ẹ́ sínú omi láti máa fi wọ́n ewé. Èyí tí wọ́n ti kó jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, tó gbóná gan-an nínú òkìtì, tí wọ́n ń yí i, tó sì ti tutù padà tó ń run bí ilẹ̀ inú igbó ni kí ẹ lò.

Kódà nígbà tó bá ti jẹrà dáadáa, ẹ má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Àdàlù tí mo fẹ́ràn jù ni ilẹ̀ dúdú ọ̀nà mẹ́fà, yanrìn ọ̀nà mẹ́ta, ìgbẹ́ jíjẹrà ọ̀nà kan. Nínú àpò ìrẹsì, èyí lè bọ́ lẹ́túùsì ìgbà méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Nínú náílọ́ọ̀nù kékeré, omi á ti fọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ kí ewé tó gbó.

*NPK 15-15-15.* Ajílẹ̀ àdàlù ni: ìpín 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ náítírójìn, ìyókù orúkọ rẹ̀ sì dúró fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ́mù. Kò sí ṣọ́ọ̀bù ajílẹ̀ tí kò ní i. Ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíráàmù náítírójìn, èyí tó bá ohun tí lẹ́túùsì kan ń jẹ mu dáadáa bí a bá yọ èyí tí omi máa gbé lọ. Ìyẹn ni pé ṣíbí kan ló tó rọ́bà lítà 4 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ pín in sí mẹ́ta: ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ bá lọ́ ọ, lẹ́yìn náà ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ fi yí etí rọ́bà ká, kó jìnnà sí ìdí ewéko, kí ẹ sì bomi rin ín lójú ẹsẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mi ò rí èyí tó rọrùn tó o.

*Yúríà.* Bó bá jẹ́ owó nìkan la wò, òun ló borí. Àpò yúríà kílò 50 kan ní kílò 23 náítírójìn. Àpò NPK 15-15-15 mẹ́ta kílò 50 kò ní ju kílò 22 ààbọ̀ lọ. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí yúríà bá wọ ilẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti di amóníọ́mù, irú náítírójìn kan. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló máa wá sọ amóníọ́mù di náítíréètì, irú náítírójìn tí lẹ́túùsì fẹ́ràn jù. Nínú lítà 40 ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá, àwọn kòkòrò yẹn pọ̀. Nínú lítà kan tó jẹ́ yanrìn àti lẹ́búlẹ́bú pákó, wọn kò tó nǹkan. Amóníọ́mù á kóra jọ, ẹnu gbòǹgbò á jó, á di pípọ́n bí ìpẹtà. Amóníọ́mù tó pọ̀ tún ń dí kálísíọ́mù (èròjà tí ewé tuntun nílò) lọ́wọ́ láti wọlé, etí àwọn ewé àárín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ á sì jó dúdú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pe èyí ní àrùn, wọ́n á sì lọ ra oògùn kòkòrò. Nítorí náà, ẹ fi yúríà mọ sí àpò àti kẹ́ẹ̀gì nìkan: ìdajì ṣíbí tíì nínú omi lítà 10, kí ẹ fi bíi lítà mẹ́ta nínú rẹ̀ rin àpò kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pàápàá láti ìgbà kejì tí ẹ gbìn ín sórí ilẹ̀ kan náà. Ẹ má wọ́n ọn gbẹ sórí ilẹ̀ kí ẹ sì fi sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló máa gbé e lọ.

*Kálísíọ́mù náítíréètì.* Náítírójìn rẹ̀ kò ju ìpín 15 ààbọ̀ nínú 100 lọ, owó rẹ̀ sì ga jù nínú gbogbo wọn. Síbẹ̀ fún àyè kékeré, kò sí èyí tó tó o. Náítíréètì ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò nílò kòkòrò kankan láti yí i padà, ó sì ń gbé kálísíọ́mù tí ewé àárín nílò wá. Ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú nínú omi lítà 5. Ẹ fi rin rọ́bà ní ọjọ́ méjì méjì, omi lásán ní ọjọ́ tó wà láàárín. Nígbà òjò, ẹ dì í pa mọ́ sínú ike tó lómọrí dáadáa, torí ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ títí á fi yọ́. Ẹ má sì yọ́ ọ pọ̀ mọ́ NPK nínú omi kan náà. Wọ́n á dì mọ́ra, wọ́n á sì rọ̀ sílẹ̀ láìwúlò.

*Eérú èèpo kòkó.* Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé àwa ará Oǹdó ní i lọ́pọ̀, a sì máa ń gbọ́ pé ó ń mú ẹ̀fọ́ dúdú. Pòtásíọ́mù ló kún inú rẹ̀. Iná ti gbé náítírójìn rẹ̀ lọ. Fífi díẹ̀ sínú rọ́bà tí ẹ ń fi kálísíọ́mù náítíréètì bọ́ yóò wúlò, nítorí kálísíọ́mù náítíréètì kò ní pòtásíọ́mù. Àmọ́ bí ẹ bá pò ó pọ̀ mọ́ yúríà tàbí ìgbẹ́ adìyẹ, ṣe ló máa lé náítírójìn wọn jáde bí amóníà. Ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ní ti lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó, tí ọ̀pọ̀ ń fi kún ilẹ̀ nítorí pé ó fúyẹ́: bó bá ṣì jẹ́ tuntun, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú un jẹrà á gba náítírójìn mọ́ ewéko lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹrà fún oṣù mélòó kan.

Òjò àti ìkúukùu

Ní oṣù Kẹfà àti Keje, tí ojú ọ̀run bò ní Àkúrẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀, ohun méjì ń ṣẹlẹ̀. Òjò ń fọ náítíréètì jáde nínú rọ́bà, oòrùn kò sì tó. Ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń sọ náítíréètì di oúnjẹ ara rẹ̀; bí ìmọ́lẹ̀ bá dín, náítíréètì á kàn máa kóra jọ nínú ewé. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ìwọ̀n tí náítíréètì inú lẹ́túùsì tí wọ́n ń tà kò gbọ́dọ̀ kọjá, wọ́n sì fi ìwọ̀n náà ga díẹ̀ fún ìgbà òtútù nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kéré nígbà náà. Fún wa, ohun tó yẹ ni pé kí a gbé rọ́bà sábẹ́ ibi tí òjò kò ti ní dà sí i tààrà àmọ́ tí ìmọ́lẹ̀ dé, kí a má fi kún ajílẹ̀ nítorí pé ojú ọ̀run ṣú, kí a dá ajílẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kí a sì gé ewé ní ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ dípò òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tó ní bálíkónì kékeré, tó fẹ́ lẹ́túùsì mẹ́rin tàbí márùn-ún: rọ́bà pẹ́ńtì àti NPK, ṣíbí kan fún rọ́bà kan. Bí owó bá wà, kálísíọ́mù náítíréètì dípò NPK láti ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ẹ dá NPK dúró nígbà náà.

Òṣìṣẹ́ tó ń jáde ní kùtùkùtù tó sì ń dé lálẹ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ náílọ́ọ̀nù. Kẹ́ẹ̀gì tàbí àpò ni tiẹ̀, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ jíjẹrà, kó sì bo orí ilẹ̀ náà pẹ̀lú koríko gbígbẹ nígbà ọyẹ́.

Ìyá tàbí ọ̀dọ́ tó ń ta sàláàdì tàbí shawarma, tó nílò ewé lójoojúmọ́: àpò mẹ́fà sí mẹ́wàá, tí wọ́n gbìn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì síra, ìgbẹ́ jíjẹrà fún ìgbà àkọ́kọ́, omi yúríà fífúyẹ́ lẹ́yìn náà. Kí wọ́n gbin irú tó ń ya ewé, tí a lè máa já láti ẹ̀gbẹ́, dípò èyí tó ń dì bíi kábéèjì. Èyí tó ń dì yẹn ń fẹ́ òtútù Jọ́ọ̀sì, ooru wa nílé kì í sábà jẹ́ kó dì kó tó yọ ọ̀pá òdòdó, ewé rẹ̀ á sì ti korò.

Ẹni tó ń tọ́ ọmọ ewéko tà, tàbí tó ń ta ewé kéékèèké fún ilé oúnjẹ, ni náílọ́ọ̀nù bá mu. Kálísíọ́mù náítíréètì nìkan ni kó lò, kó má sì jẹ́ kí ọmọ ewéko pẹ́ nínú rẹ̀ títí gbòǹgbò á fi yí po. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kó ti tà á, kó ti gé e, tàbí kó ti gbé e sínú rọ́bà tó tóbi jù ú lọ.